A GUN ÒKÈ ÌDÀNRÈ! ÌYÁ ẸNI ỌDÚN 74 NÍ ÒUN Ò NÍ JÓKÒÓ SÍSÀLẸ̀

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Ìgbà wo lẹ jáde nílùú gbẹ̀yìn tí kì í ṣe pé ẹ lọ ra ọjà, tí kì í ṣe pé ẹ lọ sìnkú, tí kì í sì í ṣe pé ẹ lọ jẹ ìyàwó? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò máa họrí. Àwa tí à ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ jẹun, a máa ń rò pé àwọn olówó tó ń wọ bàálù lọ sí London nìkan ló ni ìrìn àjò ìgbádùn. Họ́wù! Ta ló ní kí ẹ lọ sí London? Ohun tí àwọn òyìnbó ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn wá wò, ẹ̀yìnkùlé wa ló wà.

Òkè Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Mo gùn ún, ìyá mi gùn ún, ìyàwó mi gùn ún, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà náà sì gùn ún ju gbogbo wa lọ. Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni. Kì í ṣe eré lásán ló gbé wa débẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ilé.

ÀWÌN DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀

Télọ̀ ni mí n'Ìbàdàn. Ata ni ìyá mi tà títí orúnkún fi ní kó sinmi. Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, ní ìsọ̀ kékeré kan tó ti ń ta mílíìkì, súgà, ọṣẹ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ìyá ò lè lọ sọ́jà mọ́, wọ́n máa ń bá a jókòó sí ìsọ̀ náà.

Ní àsìkò Ọdún Àjíǹde 2018, Ìyá gbé páálí mílíìkì méjì àti àpò súgà kan fún obìnrin àdúgbò wa kan láwìn. Aláàánú ni Ìyá, obìnrin náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún. Ó ní tó bá di ọjọ́ Sátidé, òun á san án. Kí Sátidé tó pé, ó ti kó ẹrù lóru. Títí di òní, a ò rí i.

Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ ohun tí irú èyí máa ń dá sílẹ̀ nínú ilé. Kì í ṣe owó ìyàwó mi nìkan ló wà nínú ọjà yẹn, owó àjọ wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òun àti Ìyá ò sọ̀rọ̀ mọ́ ju ìkíni lọ. “Ẹ káàárọ̀ mà.” “Káàárọ̀.” Ó parí nìyẹn. Tí ọ̀kan bá ń jẹun, èkejì á rí iṣẹ́ ṣe lẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin tó bá wà láàárín ìyá àti ìyàwó, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan, tó bá dákẹ́, wọ́n á ní kò lẹ́nu. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni Ìyá pè mí. Wọ́n ní, “Ọkọ mi, ṣé o mọ̀ pé orí òkè Ìdànrè ni wọ́n ti bí ìyá mi? Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Kó tó kú, ó ní bí ara mi bá le, kí n lọ bá òun wo ibi tí wọ́n sin ìwọ́ òun sí. Mo ní màá lọ. Mi ò tíì lọ. Ọdún 74 nìyí, ọdún tó ń bọ̀ kì í ṣe tèmi láti ṣèlérí rẹ̀.”

Kí ni kí n sọ? Mo ní a ó lọ. Nígbà tí Ìyá Ìbejì gbọ́, ó bi mí pé, “Ta ni yóò máa di Ìyá mú lórí àpáta? Ẹ má wo ojú mi o.” Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń lọ, kò sì lè jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ gun òkè lẹ́yìn òun. Bó ṣe di ará ìrìn àjò nìyẹn.

OÚNJẸ OJÚ Ọ̀NÀ

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tó ní ebi pa òun, ó fọwọ́ ara rẹ̀ fà á ni. Ẹ ò tíì rìn jìnnà tí ẹ ó fi kan Aṣéjirẹ, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun. Ẹja ibẹ̀ kì í ṣe ẹja inú yìnyín. Inú omi ló ti bọ́ sínú agbada, ó gbóná, ó ń ta ṣàà, àwọn obìnrin tó ń dín in á sì gbé àwo rẹ̀ wá bá yín lójú fèrèsé ọkọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ìkirè, ìlú oní-dòdò. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì jẹ dòdò Ìkirè, ẹ má rò pé irú dòdò tí à ń dín nílé ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn ì bá kó dà sí ààtàn, òun ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gún un, wọ́n á fi ata àti iyọ̀ sí i, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, wọ́n á wá mọ ọ́n. Ó dùn, ó ta, ó tún ní òórùn epo. Wọ́n máa ń sọ pé ìyá arúgbó kan tí kò fẹ́ da ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nù ló dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ kíyè sí i: ohun tó fẹ́ di àdánù lọ́wọ́ ẹnì kan ló sọ odindi ìlú di olókìkí.

Ìyá ra dòdò náà mẹ́fà. Wọ́n fún àwọn ọmọ, wọ́n fún mi, wọ́n fún awakọ̀. Wọ́n na ọ̀kan sí Ìyá Ìbejì. Ó ní, “Ẹ ṣeun mà,” ó gbà á, ó fi sínú báàgì. Kò jẹ ẹ́.

A kọjá Ifẹ̀, a kọjá Iléṣà. Ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà, àwọn ọmọ fẹ́ kí a yà wo omi Olúmìrìn tó ń dà wálẹ̀ láti orí òkè ní ìpele méje, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti ń lọ. A gba Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà àti Ìgbàrà-Òkè wọ Àkúrẹ́, a sì sùn sílé àbúrò mi obìnrin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, a ti wà lójú ọ̀nà Ìdànrè. Kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà àti díẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Àsìkò kòkó ni. Ẹ ó rí kòkó tí wọ́n sá sójú ọ̀nà àti sórí sìmẹ́ńtì níwájú ilé, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo inú ọkọ̀. Bàbá kan là kòkó tútù fún àwọn ọmọ, wọ́n ń fa omi funfun ara èso rẹ̀ lá. Kẹ́hìndé ní, “Dádì, ṣé inú ohun tó dùn báyìí ni wọ́n ti ń rí bọnfíta kíkorò?”

KÍ NI WỌ́N Ń WÁ LÓRÍ ÀPÁTA?

Bí ẹ bá dé Ìdànrè, ẹ̀rù á kọ́kọ́ bà yín. Àpáta ló yí ìlú ká. Wọ́n ga, wọ́n pá, wọ́n dúró bí ẹni pé wọ́n fẹ́ wo inú àwo ọbẹ̀ yín. Orí wọn ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun.

Ìtàn àwọn àgbà sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn tó tẹ ìlú náà dó ti wá. Orí òkè ni wọ́n kọ́lé sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé fún ọ̀pọ̀ ìran. Ọ̀rọ̀ ogun ni. Láyé tí àwọn Yorùbá ń kó ara wọn lẹ́rú, ẹni tó bá wà lórí àpáta á ti rí ọ̀tá kó tó débẹ̀. Ọ̀nà tóóró ló gòkè, ọ̀tá tó bá sì ń mí hẹlẹhẹlẹ kò lè jà.

Nígbà tí ogun tán, òkè wá di ìnira. Oko kòkó wà nísàlẹ̀, ọjà wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ náà wà nísàlẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọba wọn, tí à ń pè ní Ọwá. Wọn ò gbàgbé òkè o. Wọ́n ṣì máa ń gòkè lọ ṣe ọdún ìbílẹ̀, oṣù Karùn-ún sì ni wọ́n máa ń ṣe ọdún Orósùn. Ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO pé kí wọ́n kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

ÀTẸ̀GÙN LÓ KỌ́KỌ́ Ń DÁN ÈÈYÀN WÒ

Ẹ ó sanwó ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fún yín ní amọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀gùn. Ó lé ní 600! Wọ́n ṣe ibi ìsinmi márùn-ún síbẹ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé ń kà á bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Nígbà tí wọ́n dókè, iye ọ̀tọ̀ ni Táyé ní, iye ọ̀tọ̀ ni Kẹ́hìndé ní, ìjà sì fẹ́ bẹ́ sílẹ̀.

Amọ̀nà wo Ìyá láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ẹ ò ṣe jókòó síbí? Àwọn ọmọ yín á ya fọ́tò wá fún yín.” Ìyá ní, “Ọmọ mi, o ṣeun. Fọ́tò kọ́ ni mo ṣèlérí fún ìyá mi.” Wọ́n gbá ìró wọn mọ́ra, wọ́n gba ọ̀pá, ó yá.

Ibi ìsinmi kìíní, kò sí wàhálà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, Ìyá dákẹ́. Nígbà tí a dé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n wó jókòó, ọwọ́ wọn lórí orúnkún ọ̀tún, òógùn ń ṣàn lójú wọn nínú ọyẹ́. Mo ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká padà. Ibi tí ẹ dé yìí tó.” Wọn ò dá mi lóhùn. Òkè ni wọ́n ń wò, omi sì lé sí wọn lójú.

Mo ń ro ohun tí màá ṣe nígbà tí Ìyá Ìbejì gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó fún Ìyá lómi, ó ní kí wọ́n máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi òróró ra orúnkún náà, ó tú gèlè orí ara rẹ̀, ó fi di orúnkún yẹn dáadáa bí ìgbà tí wọ́n ń di ọmọ sẹ́yìn. Ó wá mú dòdò Ìkirè àná jáde nínú báàgì, ó bu ú sí méjì. Ó fún Ìyá ní ìdajì, ó jẹ ìdajì. Ó ní, “Mà, tí ẹ bá ti mí dáadáa, ká máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń lé wa.”

Mo dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọkùnrin tó bá gbọ́n, irú àsìkò báyẹn kọ́ ló yẹ kó dá sí ọ̀rọ̀.

ẸSẸ̀ AGBÓÒGÙN ÀTI Ọ̀RỌ̀ ÀJẸ́

A dókè! Ẹ̀yin èèyàn mi, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ yàtọ̀. Ìlú Ìdànrè wà nísàlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn da páálí ìṣáná sílẹ̀. Amọ̀nà mú wa yíká ìlú àtijọ́: ààfin Ọwá pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí, ilé ẹjọ́, ilé ìwé àtijọ́, àti àwọn àmì kan lára àpáta tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò tíì lè kà.

Ibi tó pa wá lẹ́rìn-ín ni ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ojú ẹsẹ̀ kan ni, lára àpáta. Amọ̀nà ní kò sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọdé, ì báà jẹ́ àgbà, tí kì í bá a mu, àfi tí onítọ̀hún bá jẹ́ àjẹ́. Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé bí ìyàwó àti ìyá ọkọ bá ń jà, ọ̀rọ̀ burúkú yìí kì í jìnnà sí ẹnu àwọn aládùúgbò.

Ìyá bọ́ bàtà. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé tèmi síbẹ̀, kí ọkàn àwọn kan lè balẹ̀.” Wọ́n gbé e síbẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí! Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. Oṣù mẹ́jọ, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn nílé. Ó ní, “Mà, Ọlọ́run gbọ́, mi ò pè yín bẹ́ẹ̀ rí.” Ìyá ní, “Mo mọ̀. Owó ọjà rẹ lo bínú sí. Èmi náà ì bá bínú.” Ọ̀rọ̀ àwìn náà ò tún gùn ju báyẹn lọ.

Ilé tí wọ́n ti bí ìyá Ìyá, a ò rí i. Ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ ti wó, ìpìlẹ̀ ló kù nínú koríko. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá wọn sọ ni pé láti ẹnu ọ̀nà àwọn, àwọn ń rí ààfin. Ìyá dúró síbì kan tí èèyàn ti lè rí ààfin, wọ́n ní, “Kó jẹ́ ibí.” Wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tí wọ́n fi gèlè dì, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀. “Ìyá mi, mo dé o. Mo kó àwọn ọmọ rẹ wá. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo dé.” Àwọn ìbejì náà kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n kúnlẹ̀.

IYÁN TÓ PARÍ ÌJÀ

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: gígùn kọ́ ni wàhálà, sísọ̀ ni. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, orúnkún ló ń gbé gbogbo ara. Ìyá ní, “Ìyàwó, fún mi léjìká.” Ìyá Ìbejì bọ́ síwájú, Ìyá gbé ọwọ́ méjèèjì lé e léjìká, báyìí ni wọ́n ṣe sọ gbogbo àtẹ̀gùn náà, ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ. Mo kó gbogbo báàgì.

Nísàlẹ̀, a wọ ilé oúnjẹ. Iyán funfun báláú, ó gbóná, kò ní kókó. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹ̀fọ́, àti ẹran ọ̀yà. Iyán Àkúrẹ́ àti Ìdànrè kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lọ̀ n'Ìbàdàn. Ìyá mú ẹran tó tóbi jù nínú àwo tiwọn, wọ́n gbé e sínú àwo Ìyá Ìbejì. Ó fẹ́ kọ̀. Wọ́n ní, “Jẹ ẹ́. Èjìká rẹ ṣiṣẹ́ lónìí.” Inú àwo ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń ti ọwọ́ bọ̀ kó tó tán.

Owó mílíìkì ò padà wá, n ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n Ìyá ti padà sí ìsọ̀. Òfin tuntun kan ló wà níbẹ̀: tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ àwìn, Ìyá á ní, “Dúró de ìyàwó mi.”

TÍ Ẹ̀YIN NÁÀ BÁ FẸ́ LỌ

Ẹ lọ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, torí àpáta tó bá tutù a máa yọ̀. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó gbóná mọ́ àpáta. Bàtà tó lè gbá ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ẹ gbé omi dání, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé dára láti gbé lọ, torí ìrẹsì máa ń wúwo níkùn. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ má fi ọmọdé sílẹ̀ létí àpáta, ẹ má sì kúrò lẹ́yìn amọ̀nà. Ewé tí ẹ bá tú lára mọ́ínmọ́ín, ẹ kó o padà wálẹ̀.

Tí orúnkún bá kọ̀ jálẹ̀, òkè Ìdànrè nìkan kọ́ la ní. Olúmọ wà l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí ní nǹkan bí ọdún 1830. Ìyẹn ò ga tó báyìí, ẹ ó sì rí láfún àti ewédú jẹ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní Ìkógòsì l'Ékìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń pàdé ara wọn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2005, ẹsẹ̀ lásán lẹ ó fi rìn ín.

Ẹ má sọ pé kò sówó. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ fún aṣọ ẹbí, ẹ dá àjọ kékeré fún ìrìn àjò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ̀yin márùn-ún, ẹ̀yin mẹ́wàá, ẹ háyà bọ́ọ̀sì kan, ẹ gbé ìyá yín dání nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lè gbé wọn. Tí ẹnì kan bá wà tí ẹ ò bá sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ gbé òun gan-an dání.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun òkè kan rí, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà, ẹ sọ ti yín fún wa. Ẹ má gbàgbé láti sọ ohun tí ẹ jẹ nígbà tí ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó dìgbà kan ná!